Nígbà Tí Owó Ọgbà Kò Tíì Di Mílíọ̀nù

Ẹni tó bá fẹ́ ṣọgbà yí ilé rẹ̀ ká ní Ìbàdàn lónìí, ìwé àti bírò ló máa kọ́kọ́ mú. Láyé àwọn bàbá wa, àdá ni wọ́n ń mú. Tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tí ilẹ̀ ti rọ̀, wọ́n á jáde láàárọ̀ kùtù, wọ́n á bẹ́ ẹ̀ka lápálápá, wọ́n á dá wọn sí gígùn kan náà, wọ́n á wá máa gún wọn mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ lé okùn tí wọ́n ta. Ẹni tó bá ń kánjú a máa fi ọparun tí wọ́n là sí wẹ́wẹ́ dábùú rẹ̀, á fi ìtàkùn dì í. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ọgbà ti rúwé.

Lápálápá dára fún iṣẹ́ yìí nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ àti adìyẹ la sì ń ṣọgbà fún nígbà náà. Ẹ̀yìnkùlé ni ewédú wà, ibẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ àti gbúre wà, ata wẹẹrẹ wà létí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó bá ráyè wọlé lọ́sàn-án lè jẹ iṣẹ́ oṣù méjì tán kí wọ́n tó lé e jáde. Àwa ọmọdé ní tiwa mọ ohun mìíràn tí lápálápá wà fún. A máa ń já ewé rẹ̀, a ó ṣẹ́ ọrùn ewé náà díẹ̀, oje á dí ojú ibẹ̀, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó di pé èéfọ́ọ̀fọ́ ń fò lọ sókè. Gbogbo ọmọ tó dàgbà sí àdúgbò tí lápálápá wà ló mọ eré yìí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ń rí lónìí kò mọ igi náà, ká má tíì sọ eré rẹ̀.

Lójú ààlà, pèrègún ni wọ́n máa ń gbìn. Kì í tètè kú, bí wọ́n bá gé e lulẹ̀ á tún sọ, nítorí náà bí ìjà ilẹ̀ bá dé lẹ́yìn ogún ọdún, àgbà kan á ní kí wọ́n lọ wo ibi tí pèrègún wà. Akòko náà wà nínú àwọn igi ọgbà, ewé tí a fi ń jẹ oyè, tí kò tún jẹ́ kí a wá a lọ sóko nígbà tí ọjọ́ oyè bá pé. Ìyeyè náà ń hù láti ara ẹ̀ka tí a gún mọ́lẹ̀, tí àkókò rẹ̀ bá sì tó, èso rẹ̀ á máa já bọ́ sí ọ̀dọ̀ tiwa àti sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ti ta ni.

N kò ní sọ pé ọ̀fẹ́ ni ọgbà yẹn. Ẹni tó bá bẹ̀ ọ̀wẹ̀ ní láti gúnyán, ó ní láti wá ẹmu, ó sì ti jẹ gbèsè ọjọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń gé orí igi kí ó má baà di igbó, ọdọọdún ni wọ́n ń dí ojú ibi tó bá là. Àmọ́ owó tó ń ti àpò jáde kéré. Iṣẹ́, oúnjẹ àti àsìkò la fi ń san án, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ti ọwọ́ ẹni tí a mọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí a mọ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n gé, ọgbà aládùúgbò ni wọ́n ti gé e. Kó tó di pé wọ́n ta okùn, wọ́n á pe onílé kejì kí ó wá wo ibi tí okùn gbà. Àyè kékeré kan sì máa ń wà tí àwọn ìyá ń gbà kọjá. "Ìyá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi já ata díẹ̀ níbẹ̀ yẹn." "Ẹ wọlé wá já a, ewúrẹ́ kò kúkú jẹ ẹ́ tán."

Ó yẹ ká rántí pé àwọn Yorùbá mọ odi í mọ, odi ńlá pàápàá. Erédò Sùngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú gùn tó 160 kìlómítà, láti ìsàlẹ̀ yàrà rẹ̀ dé orí ògiri sì ń tó 20 mítà níbòmíràn. Ìbàdàn tiwa ní odi tí wọ́n mọ ní 1858, tí a fi orúkọ Balógun Ìbíkúnlé pè. Ṣùgbọ́n odi gbogbo ìlú ni. Gbogbo ilé ló rán ọwọ́ sí i, gbogbo ilé ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú odi ìlú kò tún wá ògiri tó ga jù ú lọ fi dènà ará ilé kejì. Lónìí odi ìlú ti wó, onílé kọ̀ọ̀kan sì ń mọ tirẹ̀.

Ìyípadà náà kò dé lójijì. Nígbà tí wọ́n kọ́ ẹ̀sítéètì Bódìjà ní nǹkan bí 1959, lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ilé àti òdòdó ni ẹni tó ń kọjá máa ń rí láti títì. Ní 1960 ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó wá di pé sìmẹ́ǹtì sún mọ́ wa. Àwọn tó bá fi búlọ́ọ̀kù ṣọgbà nígbà náà, wọn kì í jẹ́ kó ga kọjá àyà, wọ́n sì fẹ́ràn búlọ́ọ̀kù oníhò, èyí tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ wọlé, tí ẹni tó wà níta lè gbà á kí onílé. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 ni àwọn adigunjalè gbòde. Ní 1971 wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì, olórí adigunjalè, létí òkun Bar Beach l'Ékòó, èrò jáde lọ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò kúrò nílé. Láti ìgbà náà ni fẹ́ǹsì ti ń gòkè. Ó kọjá àyà, ó kọjá orí, wọ́n ri àfọ́kù ìgò mọ́ ọn lórí, wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún lé àfọ́kù ìgò, àwọn tó lówó tún wá fi iná mànàmáná sí wáyà. N kò lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tí wọ́n ti fìbọn ká mọ́lé rí mọ ohun tó mú un mọ ògiri.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ìwé ìṣirò náà. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún wa jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 100 ní gígùn. Yíyí rẹ̀ ká jẹ́ 300 ẹsẹ̀ bàtà. Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, nítorí náà 200 búlọ́ọ̀kù ni ìlà kan, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní kóòsì. Kóòsì méjì á wà nínú ilẹ̀, ìyẹn 400. Lókè ilẹ̀, kóòsì mẹ́jọ ló ń fún wa ní gíga ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ yọ 10 kúrò lórí kóòsì kọ̀ọ̀kan nítorí ojú géètì, ó ku 190, ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ 1,520. Àpapọ̀ rẹ̀ di 1,920, tí a bá sì ka àwọn tó máa fọ́ nínú ọkọ̀ àti lọ́wọ́ lébìrà, 2,000 ni ká rà. Ká ní wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 700 náírà, owó búlọ́ọ̀kù nìkan jẹ́ 1,400,000. Ká ní àpò sìmẹ́ǹtì kan tó fi to 50 búlọ́ọ̀kù, àpò 40 ni. Bí àpò bá jẹ́ 10,000, ó di 400,000 mìíràn. A kò tíì da kọnkéré ìpìlẹ̀. A kò tíì gbé òpó dúró, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá ló yẹ kí òpó kan wà, ìyẹn 30 òpó pẹ̀lú irin àti òkúta wẹ́wẹ́ inú wọn. Yanrìn kù, omi kù, owó iṣẹ́ bíríkìlà kù, rírẹ́ ògiri kù. Géètì kù, wẹ́dà kì í sì í fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni.

Ibi tí owó ti ń sọnù jù ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìwé. Bí ìpìlẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ lè dé láti gbowó ìpìlẹ̀, kí wọ́n tún padà wá gba ti fẹ́ǹsì. Bí ojú ọ̀nà kò bá dára, onítípà á béèrè owó mìíràn, ó sì lè da ẹrù náà sí ìkòríta, kí o tún sanwó fún àwọn tó máa rù ú wọlé. Ọjà náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ gòkè, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ohun ìkọ́lé tẹ̀ lé wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 àpò sìmẹ́ǹtì oní 50 kílò kọjá 10,000 náírà níbi púpọ̀. Nínú oṣù Èrèlé ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì jókòó, wọ́n ní kí ó wá sí 7,000 sí 8,000. Ẹni tó ti ṣírò fẹ́ǹsì rẹ̀ ní ìparí 2023, tó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà, yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí léèrè níyànjú pé kí wọ́n má fi owó fẹ́ǹsì pa mọ́ sí báńkì fún ọdún méjì. Kí wọ́n máa rà á díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ra sìmẹ́ǹtì tọ́jú, nítorí yóò dì. Búlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n rà, tàbí kí wọ́n mọ ọ́n sórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n bomi rin ín dáadáa. Òjò kì í ba búlọ́ọ̀kù tó ti gbó jẹ́. Kí wọ́n parí ìpìlẹ̀ àti òpó lápapọ̀ kí wọ́n tó ro ti kóòsì òkè. Fẹ́ǹsì tí owó òpó rẹ̀ ti di owó géètì, ìjì àkọ́kọ́ ló ń gbé e lulẹ̀.

Omi ńkọ́? Ìbàdàn kò lè gbàgbé ìkún omi odò Ògùnpa ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé ìkún omi 26 oṣù Kẹjọ 2011. Ọgbà lápálápá kì í dí omi lọ́nà. Ó ń sẹ́ ẹ ni, ewé àti iyẹ̀pẹ̀ á dúró, omi á kọjá. Ògiri tí kò ní ihò á dá omi gbogbo àdúgbò dúró títí yóò fi wó lé ẹnì kan lórí. Ihò omi àti páìpù rẹ̀ kì í wọ́n, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan nǹkan.

Ohun tó wá ń dùn mí jù, òun ni pé nínú gbogbo ìwé ìṣirò tí mo ti rí, kò sí ìlà kan fún aládùúgbò. Ẹ lọ sí àwọn ẹ̀sítéètì tuntun, ẹ ó rí fẹ́ǹsì méjì tó kọ ẹ̀yìn síra, àlàfo àárín wọn kò ju ẹsẹ̀ kan lọ, eku àti ike ló kún ibẹ̀. Onílé méjèèjì san owó ògiri odindi nítorí pé kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn èkejì. Níbòmíràn, ẹni kan kọ́ ọ, èkejì fara tì í lọ́fẹ̀ẹ́, inú ń bí ẹni tó náwó títí di òní. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà ń jẹ nǹkan bí 670 búlọ́ọ̀kù, ìpìlẹ̀ rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ní 700 náírà, 469,000 ni. Owó tí àwọn bàbá wa kò ná nìyẹn, nítorí pé wọ́n pe onílé kejì wá wo okùn.

Mo ń ṣọgbà lọ́dún yìí, lórí ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn Mọ̀níyà, nítorí ewédú àti ata tí mo fẹ́ máa gbìn níbẹ̀. Iwájú tó kọjú sí títì, búlọ́ọ̀kù ni mo fi ń ṣe é, pẹ̀lú géètì, nítorí n kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí ará ilé mi dánwò. Fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo lọ kí ẹni tó ni ilẹ̀ náà nílé rẹ̀, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ògiri kan ṣoṣo ni mo rò pé ká jọ mọ." Wọ́n ní àwọn ti ń ronú bí àwọn á ṣe sọ ọ́ fún mi. A mú sọ̀fé méjèèjì jáde, a wo òkúta ààlà, a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdajì ìdajì ni, àti pé tiwọn àti tèmi ni ògiri náà lẹ́yìn tí ó bá dúró. Ẹ̀gbẹ́ òsì ti ní fẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀, mo sì ti bi onílé náà pé èló ló ná an, kí n lè mọ ohun tí mo máa san fún un. Ẹ̀yìn ló kù, níbi tí ilẹ̀ ti dà sí odò. Lápálápá ni màá gún síbẹ̀, ìyá kan ní Mọ̀níyà ti ní kí n wá gé ẹ̀ka nínú tiwọn nígbà tí òjò bá balẹ̀.