Àwòrán tí a fi Igi Tẹ̀

Ọmọ agbẹ́gilére ni mí. Bí mo bá rí iṣẹ́ igi, ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ni mo kọ́kọ́ máa ń rò. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ràn àwọn àwòrán ilẹ̀ Jàpáànì tí wọ́n ń fi pátákó igi tẹ̀ sórí bébà.

Ẹ ó rí òkè Fuji nínú wọn, ẹ ó rí afárá, òjò, àti ojúbọ bíi ti Itsukushima, tí omi òkun máa ń yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká. Hiroshige, tí ó kú ní 1858, ya ibùsọ̀ 53 tí ó wà lójú ọ̀nà Tokaido, láti Edo, tí a ń pè ní Tokyo lónìí, títí dé Kyoto. Àwọn mẹ̀kúnnù náà rí i rà, nítorí pé kò wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ayàwòrán á ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Agbẹ́gi á dojú bébà náà dé pátákó sákúrà, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Á wá gbẹ́ ibi tí kò sí ilà kúrò, ilà nìkan ni yóò yọ sókè. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pátákó tirẹ̀. Atẹ̀wé á kun pátákó, á tẹ́ bébà tí a ti fi omi rin lé e, á sì ra ẹ̀yìn rẹ̀. Bí bébà bá yẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́. Nítorí náà ni agbẹ́gi fi ń gbẹ́ àmì sí etí pátákó, kí atẹ̀wé lè mọ ibi tí bébà yóò dúró.

Ayàwòrán, agbẹ́gi, atẹ̀wé, àti olówò tí ó náwó lé e: gbogbo wọn ni ó ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ayàwòrán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Èyí máa ń dùn mí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kawase Hasui, tí a bí ní 1883, ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń rìn káàkiri, ó ń ya ohun tí ó rí sínú ìwé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo, iná sì sọ. Ìwé àwòrán Hasui jóná. Ilé iṣẹ́ olówò rẹ̀, Watanabe Shozaburo, jóná pẹ̀lú àwọn pátákó tí wọ́n ti gbẹ́.

Kí ni ẹni tí iṣẹ́ ọdún púpọ̀ jóná yóò ṣe? Hasui tún gbéra, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Agbẹ́gi tún mú ọ̀bẹ. Ní 1925, wọ́n tẹ àwòrán Zojoji, ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Tokyo: ẹnu ọ̀nà pupa ńlá, yìnyín tí ń bọ́ bí òwú, àti obìnrin kan tí ó fi agboorùn bojú. Ó wà lára àwọn àwòrán rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́ iṣẹ́ àti ìwé wa dáadáa. Iná lè jó pátákó, kò lè jó ohun tí ọwọ́ ti mọ̀.