Ìdérí Táńkì àti Ẹjọ́ Dẹ́rẹ́bà Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé ìfura ni oògùn àgbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti rí i ní Oníyanrìn níhìn-ín pé oògùn tí a bá lò ní àlòjù a máa di májèlé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀ràn kan tí ó dójú tì wá, bóyá yóò ran agboolé kan lọ́wọ́.

A ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, ogbólógbòó tí ń mu bẹntiróò, tí ó máa ń kó àgbàdo àti gàrí wá láti Mọ́níyà. Lójú wa, epo rẹ̀ ń tán jù. A fura sí dẹ́rẹ́bà wa pé ó ń fa epo tà. A kò bi í léèrè. Ńṣe ni a ra ìdérí táńkì titun tí ó ní kọ́kọ́rọ́, a sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sí àpò ara wa.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú lójú ọ̀nà. Bí ó bá dé Agbowó tàbí Ọjọ́ọ̀, yóò wúkọ́, agbára rẹ̀ yóò dín kù díẹ̀díẹ̀, yóò sì dákẹ́. Bí ó bá sinmi fún bí ìṣẹ́jú 20, yóò tún dáhùn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. A pe mẹkáníìkì wá sílé. Nílé, kò kú rárá. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a fọ kábúrétọ̀, a ra bátìrì. Owó lọ, àrùn kò lọ. Dẹ́rẹ́bà wí pé, "Bàbá, nígbà tí táńkì bá kún ni ó ń yá kú." Inú bí wa. A rò pé kí a má baà rọ epo kún táńkì mọ́ ni ó ń wá. A wí fún un pé bí oṣù bá parí, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ mẹ́ta ni ó ń bọ́.

Kí oṣù tó parí, àgbà mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wa gbọ́. Ó ní aláìsàn tí ara rẹ̀ ń le nílé, ṣe ni kí a bá a rìn dé ibi tí ó ti ń ṣubú. A rọ epo kún táńkì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ ọkọ̀. Ó kọ́ wa lọ́nà pé ọkọ̀ tí ó bá kú lójijì, bí àtùpà tí a fẹ́ pa, wáyà iná rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń wúkọ́ kí ó tó kú, ó ṣeé ṣe kí epo má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Kí a tó dé Ọjọ́ọ̀, ó kú.

"Tíṣà, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ táńkì."

Bí ó ti ṣí i, a gbọ́ "fììì", bí ẹni tí ó mí kanlẹ̀. Kò pẹ́, ọkọ̀ dáhùn. Ó tì í padà. Nígbà tí a rìn díẹ̀, ó tún kú. Ó tú ìdérí náà sílẹ̀ díẹ̀; a lọ sí Mọ́níyà, a sì bọ̀, kò kú mọ́.

Bí epo ti ń jáde nínú táńkì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀. Ìdérí àtijọ́ ní ihò kékeré fún èyí. Èyí tí àwa rà kò ní. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé agolo mílíìkì tí a lu ní ihò kan ṣoṣo kì í dà dáadáa, àfi bí a bá lu èkejì. Agbára afẹ́fẹ́ kì í ṣe kékeré: ní ìlú Magdeburg ní ilẹ̀ Jámánì, Otto von Guericke fa afẹ́fẹ́ kúrò láàrin abọ́ bàbà méjì tí ó dé mọ́ ara wọn, ó so ẹṣin 16 mọ́ wọn, síbẹ̀ ó nira láti fà wọ́n ya. Bí táńkì bá kún, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré, kì í sì í pẹ́ kí epo tó há. Òtítọ́ ni dẹ́rẹ́bà sọ. Nílé ẹ̀wẹ̀, gbogbo mẹkáníìkì ni ó ń kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wa láti wo epo. Afẹ́fẹ́ a wọlé, àrùn a sì sá pamọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a ṣí ìwé ìṣirò wa. Fún oṣù méjì tí kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ wa, iye epo tí ọkọ̀ ń mu ní ìrìn kọ̀ọ̀kan kò dín rárá. Kò sí ẹni tí ń jí epo. Akọ̀wé ni wá, àwa fúnra wa ni a kọ iye náà sílẹ̀, a kò sì kà á.

A lọ sí ilé dẹ́rẹ́bà, a sì tọrọ àforíjì níwájú aya rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ti tán." Ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí tí ó ní ihò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn, ẹ bèèrè ohun tí a pààrọ̀ kẹ́yìn kí àrùn tó dé, kí ẹ sì gbọ́ ti ẹni tí ń bá a rìn lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe ṣí táńkì níbi tí iná wà. Ní ti ìtì igi ojú ara wa, Olúwa wa ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí Ó fún wa ní etí ìgbọ́. Àmín.