Ìlà Kan, Ìwé Méjì

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, bí ó bá ṣe pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti wá, ǹ bá ti fi ṣe ìtàn sọ fún yín tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo ṣe é, nítorí náà mo gbé e mì bí ẹni gbé egbòogi kíkorò mì, mo sì dákẹ́. Nígbà tí olóòtú wa ní kí olúkúlùkù kọ nípa ẹ̀rọ kan tí kò lè gbàgbé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sáré mú tẹlifísọ̀n àti tẹlifóònù. Èmi mú sikánà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń fi ìtànṣán pupa ka àwọn ìlà dúdú tí ń bẹ lára ọjà àti ìwé, àwọn ìlà tí à ń pè ní báákóòdù.

Ìlú Zaria ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi. Òwò aṣọ ni ó gbé bàbá mi dé ilẹ̀ Haúsá. Tudun Wada ni ilé wa wà, kò sì jìnnà sí Kofar Doka, ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè Birnin Zazzau, ìlú àtijọ́ tí wọ́n fi odi amọ̀ yí ká, tí ààfin Ẹ́míà wà nínú rẹ̀. Nígbà èwe mi, bàbá mi a máa rán mi wọ inú Birni lọ gba agbádá lọ́wọ́ àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà rẹ̀. Ọ̀kan nínú ọnà wọn ni aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwòrán ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí ó wà níbẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀nà ilé àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí ni ẹsẹ̀ mi yóò tún gbà lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìtìjú.

Ní ọdún 2009, mo gba iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Zaria. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń kúrò nídìí káàdì inú àpótí, wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe àkọsílẹ̀ ìwé tí ó jáde àti ìwé tí ó wọlé. Iṣẹ́ tèmi ni láti lẹ báákóòdù mọ́ ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sórí bébà alẹ̀mọ́ náà: ọ̀kan fún ẹ̀yìn ìwé, èkejì fún káàdì ìwé náà tí a ó tọ́jú pamọ́. Iṣẹ́ tí ọmọdé lè ṣe ni, ohun tí ó sì fi ṣe mí ní jàǹbá nìyẹn.

Ọ̀gá wa kan fẹ́ràn ẹwà. Nítorí pé pupa ni àwọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ní kí wọ́n fi yíǹkì pupa tẹ àwọn ìlà àkọ́kọ́. A gbé sikánà sí i, ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan. A nù ún, a gbọ̀n ọ́n, a ní eruku ọyẹ́ ni ó bà á jẹ́ (bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ ilẹ̀ Zaria lè ba ohun gbogbo jẹ́ lóòótọ́). Ní ọjọ́ kẹta ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ́ físíìsì rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní ìmọ́lẹ̀ pupa ni ẹ̀rọ náà ń tàn, lójú ìmọ́lẹ̀ pupa, yíǹkì pupa àti bébà funfun kò yàtọ̀ síra. A kó gbogbo rẹ̀ dànù, a tún dúdú tẹ̀.

Ẹ̀rín ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ẹ̀rọ yìí ti ń ríran. Ohun tí ojú wa ń rí bí okùn pupa tí ó nà gbalaja sórí ìwé kì í ṣe okùn rárá. Ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ṣoṣo ni. Dígí kan ń mì nínú ẹ̀rọ náà, òun ni ó ń gbá ẹ̀kán yìí láti òsì dé ọ̀tún, láti ọ̀tún dé òsì, tí ó lè tó ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá bọ́ sórí funfun, ìmọ́lẹ̀ a ta padà. Bí ó bá bọ́ sórí dúdú, dúdú a gbé e mì. Ojú kan wà nínú ẹ̀rọ tí ń gba èyí tí ó ta padà, tí ń sọ ọ́ di iná mànàmáná. Ẹ̀rọ a wá wọn bí dúdú ti pẹ́ tó àti bí funfun ti pẹ́ tó, bí ẹni tí ń fi etí sí ìlù tí ó sì ń mọ ohun tí ó ń wí. Nínú kóòdù tí àwa lò, Code 39, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ìlà 9 ni ó dúró fún lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan, dúdú 5 àti funfun 4, 3 nínú 9 náà a sì fẹ̀ ju ìyókù lọ.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ yìí kò ní lésà lọ́wọ́. Ní ọdún 1948, Bernard Silver gbọ́ tí oníṣòwò oúnjẹ kan ń bẹ ọ̀gá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ Drexel, ní Philadelphia, pé kí wọ́n bá òun wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi máa dá ọjà mọ̀ níbi ìsanwó. Ọ̀gá náà kò gbà. Silver lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Norman Joseph Woodland. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Woodland jókòó ní etí òkun Miami Beach, ó ń ronú kóòdù Morse tí ó kọ́ nígbà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Boy Scout. Ó ti ìka mẹ́rin bọ inú iyanrìn, ó fà wọ́n sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì rí ìlà mẹ́rin. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1952, ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn méjèèjì ní ìwé-àṣẹ pé àwọn ni wọ́n ni èrò náà. Ṣùgbọ́n gílóòbù tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ìlà náà, agbára wáàtì 500 ni; bébà tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín!

Ọdún 1960 ni Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ láyé. Kí ọdún náà tó parí, Ali Javan, ọmọ ilẹ̀ Iran, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tan èyí tí ń lo gáàsì. Ní ọdún 1962 ni irú rẹ̀ tí ń tan pupa jáde. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù a máa fọ́n káàkiri bí omi tí a dà sílẹ̀. Ti lésà a máa lọ tààrà, tín-ínrín, láìjó nǹkan kan. Silver kò rí èso rẹ̀, ní ọdún 1963 ni ó kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1974, ní ilé ìtajà Marsh ní ìlú Troy, ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n gbé páálí ṣingọ́ọ̀mù Juicy Fruit kan kọjá lójú sikánà, kọ̀ǹpútà sì kọ owó rẹ̀: sẹ́ńtì 67. Inú tábìlì ìsanwó ni wọ́n kan ẹ̀rọ ìgbà náà mọ́. Ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Symbol Technologies gbé sikánà onílésà tí ó dà bí ìbọn àgbélọ́wọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ìgò gáàsì di ohun àtijọ́, tí lésà tí kò tó hóró ìrẹsì gba ipò rẹ̀. Lónìí, kámẹ́rà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ lésà pàápàá, ó sì ń ka kóòdù onígun mẹ́rin, QR, tí ilé-iṣẹ́ Denso Wave gbé jáde ní Japan ní ọdún 1994, bí apá kan rẹ̀ tilẹ̀ ti ya.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mìíràn. Nọ́ńbà 13 ni ó wà lábẹ́ ìlà ara ọjà wa (èyí tí a bá gbà ní Nàìjíríà a máa fi 615 bẹ̀rẹ̀). Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn kò jẹ́ orúkọ ohunkóhun, aṣọ́nà ni. Wọ́n fi ìṣirò mú un jáde láti inú 12 tí ó ṣáájú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá ṣi ọ̀kan kà, ìṣirò kò ní bára mu, ẹ̀rọ yóò sì dákẹ́ dípò kí ó parọ́. Nígbà tí mo ka èyí, orí mi wú. Mo wá ń sọ ọ́ kiri ilé-ìkàwé bí ẹni ń sọ òwe: “Ẹ̀rọ kì í purọ́.”

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ọmọbìnrin kan láti inú Birni wá gba ìwé tí yóò fi hàn pé kò jẹ ilé-ìkàwé ní gbèsè. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láìsí ìwé yìí, kò lè gba èsì ìdánwò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ìwé ìṣirò ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé olówó iyebíye. Ó ní, “Malam, wallahi, n kò fojú kan ìwé yẹn rí. Ìwé kékeré tí ó sọ nípa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo yá, ẹ̀yin gan-an ni ẹ gbé e fún mi, mo sì ti dá a padà.” Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, mo ní kí ó wò ó fúnra rẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Kò bá mi jà. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì jáde. A wá ìwé ìṣirò náà lórí pẹpẹ, a kò rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó mú 12,000 náírà wá. Nígbà tí ó fi gba èsì rẹ̀, àwọn tí ń gba olùkọ́ sí iṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 2011, mo ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lórí pẹpẹ. Ọwọ́ mi ba ìwé kékeré iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà. N kò mọ ohun tí ó mú mi gbé sikánà sí i. Ẹ̀rọ dún “bíp”, orúkọ ìwé ìṣirò ńlá náà sì hàn gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo rántí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo ń fi àtùpà ṣiṣẹ́, oorun sì ń kùn mí. Báákóòdù kejì ìwé ìṣirò, tí ó yẹ kí ó lọ sórí káàdì rẹ̀, ni mo lẹ̀ mọ́ ìwé iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ti ìwé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo wá lẹ̀ mọ́ káàdì. Iye wọn pé, n kò sì fura. Nígbà tí ọmọ náà yá ìwé kékeré, ìwé ńlá ni ẹ̀rọ kọ sí i lọ́rùn. Ní ọjọ́ tí ó dá a padà, kò sí iná. Ẹnìkejì mi fi ọwọ́ kọ orúkọ ìwé náà sínú ìwé àkọsílẹ̀. Nígbà tí iná dé, ó wá orúkọ yẹn nínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní ìwé náà kò jáde rí, ó sì rò pé ẹlòmíràn ti bá òun ṣe é. Ní ti ìwé ìṣirò, ẹni tí ó gbé e lọ kò gba iwájú ẹ̀rọ kọjá. Sikánà kò ṣi ẹyọ nọ́ńbà kan kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: aṣọ́nà tí ń bẹ lẹ́yìn nọ́ńbà 13 lè mọ̀ bí a bá ṣi ìlà kà, kò lè mọ̀ bí ìlà bá wà lára ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ilà gọ̀m̀bọ́ tí ó wà lójú bàbá mi sọ fún gbogbo Yorùbá Sabon Gari pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Bí wọ́n bá kọ irú rẹ̀ sójú ẹlòmíràn, ohun kan náà ni yóò sọ.

Àwọn ọ̀gá ní owó tí ó ti wọ inú àkọsílẹ̀ kò ṣeé yọ bọ̀rọ̀. Mo mú 12,000 nínú owó tí mo tọ́jú. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mo gba Kofar Doka wọlé. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni mo ti bá bàbá ọmọ náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, agbádá funfun wà lórí itan rẹ̀, ó ń rán ọnà sí àyà rẹ̀. Mo lóṣòó, mo kí i, mo sì fi èdè Haúsá sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Kò gbé ojú kúrò lára abẹ́rẹ́.

Ó bi mí pé, “Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó rí ìwé tí ọmọ mi mú lọ́wọ́?”

“Rárá, Baba. Ìlà ni ó rí.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Mo ní mo rí i. Èmi ni mo gbé e fún un.

Ó mi orí. Ó fà okùn já, ó ka owó náà, ó ká a sínú àpò rẹ̀. Ó ní agbádá kan tí òun fi oṣù mẹ́ta ṣe ni òun tà ní ọ̀pọ̀ láti fi san án, agbádá náà sì ti wà lọ́rùn ẹnìkan ní Kano. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ròyìn ọ̀nà. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ pé kí ó bu omi wá fún àlejò. Ọmọbìnrin náà gbé omi wá. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan, owó táṣẹ́rẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó ti tán. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, “Malam, ṣé ẹ ti wo àwọn ìwé yòókù?”

N kò tíì wò wọ́n. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo bẹ̀rẹ̀, láti pẹpẹ àkọ́kọ́, mo ń fi ojú ka orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan kí n tó tẹ ẹ̀rọ sí i. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin. Mọ́kànlá ni mo rí, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta sì wà lábẹ́ wọn. Mo wá àwọn mẹ́ta náà kiri. Méjì ni mo bá nílé, ọ̀kan ní Samaru, ọ̀kan ní Tudun Wada. Ẹnì kẹta ti kúrò ní Zaria.