Èérún Irin àti Ìṣọ́ra

Iṣẹ́ irin ti pẹ́ láàrin àwa Yorùbá. Kí ẹ̀rọ tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń rọ ọkọ́, àdá àti ọ̀bẹ. Iná a sì máa ta pàrà láti ara irin gbígbóná tí alágbẹ̀dẹ ń lù. Lónìí, iṣẹ́ náà ti gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, àwọn oníṣẹ́ wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin gẹ́gẹ́ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń gbẹ́ igi. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹ̀rọ wọn ni èyí tí à ń pè ní léètì. Ẹ̀rọ yìí a gbá irin mú, a máa yí i bírí-bírí, ọ̀bẹ líle kan a sì máa gé e lára díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ọ̀bẹ náà gé kúrò ni mo pè ní èérún irin.

Bí irin ti yàtọ̀ síra ni èérún wọn yàtọ̀. Ti òmíràn a máa yọ jáde bí irun gígùn tí ó ká, ẹnu rẹ̀ a sì mú bí abẹ. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá di búlúù, ó ti gbóná tó nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ń hó kò ju 100 lọ. Èérún idẹ a máa fò káàkiri bí abẹ́rẹ́. Ti irin tí a yọ́ dà a máa di lẹ́búlẹ́bú dúdú, tí í wọ inú ihò tí ojú kò tilẹ̀ rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ilé-ìwé lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, mo sì máa ń yà kí i. Ọ̀gá rẹ̀ mọ iṣẹ́ dunjú. Ọkùnrin náà ra ohun èlò kan tí ń fi nọ́ńbà hàn, kí ó lè mọ bí ọ̀bẹ ti rìn tó lára irin, ó sì gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ láìbò ó. Ní ọjọ́ kan, èérún kan gba ihò afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì dábùú àárín ibi méjì tí iná mànàmáná kò gbọdọ̀ ti pàdé. Ohun èlò náà jó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀gá ti ra òmíràn, ó sì ti ní kí wọ́n ṣe àpótí onírin tí yóò máa dáàbò bò ó.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn èyí tí èérún idẹ fò bá ọmọ náà ní ojú òsì. Kò sí awò ìdáàbòbò ní ojú rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹyọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn dókítà yọ èérún náà, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ wà lórí ẹyin ojú títí di òní, ọmọ náà kò sì fi ojú náà ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá náà, ó sọ fún mi pé, “Tíṣà, nígbà tí àwa ń kọ́ṣẹ́, a kò lo awò kankan.”

Mo dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ó jó, ẹ ti ra òmíràn. Níbo ni wọ́n ti ń ta ojú?”

Kò fèsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún yà níbẹ̀, awò mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n so kọ́ ẹnu ọ̀nà.

Èmi kò sọ pé kí a má tọ́jú ẹ̀rọ. Irin a máa gbé iná mànàmáná kọjá, nítorí náà èérún kékeré lè ba ohun tí ó wọ́n jẹ́. Ó yẹ kí á gbé àpótí ìdarí kúrò ní ọ̀nà tí èérún ń fò gbà, kí á sì fi rọ́bà dí etí ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ihò tí wáyà gbà wọlé. Lára àpótí tí a ṣe dáradára ni a ti ń rí lẹ́tà IP pẹ̀lú nọ́ńbà méjì: èkíní ń sọ bí ó ti ń dènà eruku tó, 6 sì ni ó ga jù, èkejì jẹ́ ti omi. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ ṣàdédé dí ihò tí fáànù ń gbà fẹ́ afẹ́fẹ́, kí ohun inú rẹ̀ má baà gbóná jù. Asẹ́ ni kí á fi sí i. Kí á tó ṣí àpótí náà, kí á pa iná láti orísun, kí á sì dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ, nítorí pé iná a máa kù sínú àwọn ẹ̀yà kan. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí á fi gbá èérún. Ẹni tí ó bá fi páìpù afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ ń lé e wọ inú ẹ̀rọ, ó sì ń lé e sí ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ní ti ara wa, awò tí ó bo ẹ̀gbẹ́ ojú ni kí á lò. Awò tí a fi ń kàwé kò tó. Ó dára kí á tún fi rọ́bà líle tí ó mọ́ gaara bí dígí ṣe ìdábùú síwájú ọ̀bẹ ẹ̀rọ. A kì í wọ agbádá, táì, òrùka tàbí ìbọ̀wọ́ sí ìdí léètì tí ń yí, nítorí pé ó lè fa ènìyàn mọ́ra. A kì í sì í fi ọwọ́ fa èérún gígùn. Kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dúró, kí á wá fi ìkọ́ fà á.

Bí èérún bá bọ́ sí ojú, ẹ má ṣe ra á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rẹ́ fi etí aṣọ tàbí igi ìṣáná wá a jáde. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé èérún irin lè dógùn-ún nínú ojú kí ọjọ́ tó jìnnà. Ẹni tí irin bá sì ti ta sí lójú rí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ olóòfà tí à ń pè ní MRI yẹ̀ ẹ́ wò, kí òòfà náà má baà fa irin tí ó bá kù síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, díẹ̀ nínú yín yóò di oníṣẹ́ irin, àwọn mìíràn yóò sì di ọ̀gá tí ń gba ọmọ sí iṣẹ́. Àwọn àgbà ní òkèèrè ni a ti ń wo igi gọ́ńgọ́ kí ó má baà gún ni lójú. Ọjọ́ tí ẹ bá ra ìbòrí fún ẹ̀rọ yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ra awò fún ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀.