Ìwọ̀n Ni A Fi Ń Di Bulọ́ọ̀nù

Ẹni tí ó bá ń gun alùpùpù láti Kétu lọ sí àwọn abúlé àyíká lásìkò òjò mọ ohun tí ọ̀nà ilẹ̀ pupa ń fi ojú ènìyàn rí. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbà lọ kọ́ni. Ohun tí ó ń gba ẹ̀yìn wa là níbẹ̀ ni àmọ́tísọ́ọ̀, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní ṣọ́ọ̀kì.

Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tí a ṣe fún ọ̀nà gbágungbàgun, oríkèé irin kan wà tí ó so àmọ́tísọ́ọ̀ ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ apá tí ó gbé táyà àti mọ́ egungun alùpùpù. Honda pe tirẹ̀ ní Pro-Link, Kawasaki pe tirẹ̀ ní Uni-Trak. Bí orúnkún ni ó ṣe ń ká tí ó sì ń nà, bulọ́ọ̀nù mélòó kan ni ó sì dì í mú. Bí wọ́n bá dẹ̀, òrùka irin inú oríkèé yóò máa yí lórí bulọ́ọ̀nù, yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá le jù, eyín bulọ́ọ̀nù lè bó, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ kán lójú ọ̀nà. Ẹ ronú zẹ́mìjàn tí ó gbé ìyá àti ọmọ.

Àwọn onílù wa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó fa ọṣán gángan ní àfàjù, awọ ni yóò ya. Ẹni tí kò fà á tó, ìlù rẹ̀ kò ní fọhùn. Etí ni onílù fi ń wọn tirẹ̀. Ní ti bulọ́ọ̀nù, iye kan wà nínú ìwé alùpùpù, tí a ń fi newton-mètre kà. Bí ìwé bá ní 40, tí sípánà sì gùn ní sẹ̀ntímítà 20, agbára 200 newton ni ọwọ́ yóò fi fà á, èyí tí ó tó ìwúwo ẹrù kílò 20. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ mẹkaníìkì tí ó fi páìpù bọ ìdí sípánà, tí ó fi gùn tó sẹ̀ntímítà 60. Ọwọ́ kan náà, agbára kan náà, ṣùgbọ́n 40 ti di 120. Ó rò pé iṣẹ́ rere ni òun ń ṣe.

Ọmọ náà kì í ṣe òpè. Ó kúrò ní ilé-ìwé kí ó tó dé ibi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, èdè Faransé ni a sì fi ń kọ́ ọ. Ìmọ̀ wà nínú ìwé, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ọmọ, èdè ni kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn tí ń kọ́ṣẹ́. Èdè tí a fi ń kí Alákétu tó èdè tí a lè fi wọn irin.

Ẹ̀yin ará, kí òjò tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ kúrò ní oríkèé náà, kí wọ́n fi gíríìsì sí i. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ mẹkaníìkì yín pé: mélòó ni ìwé ní kí a dì í?