Ọjà Yá! Ẹ Jẹ́ Kí Á Fi Yorùbá Ta Whot

 

Láti oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ni púpọ̀ nínú wa ti ń tọ́mọ níhìn-ín. Ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe, àwọn ọmọ wa ń bá ọmọ Gbagyi, Hausa àti Igbo ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Inú eré yìí gan-an ni èdè wa ti ń yọ́ lọ.

Àwọn tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù a máa rí káàdì Pokémon gbà. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1996. Orúkọ ìjà àti iṣẹ́ tí ìjà náà ń ṣe ni wọ́n kọ sára káàdì. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, Pikachu ní ìjà kan tó ń jẹ́ Thunder Jolt. Ó ń gba 30 nínú agbára ọ̀tá, ṣùgbọ́n a ó ju owó ẹyọ sókè. Bí ẹ̀yìn owó bá yọ, Pikachu yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe 10. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó ń dùn wá ni pé ọmọ tó mọ Thunder Jolt kò mọ àrá. Bí a bá ní "àrá", á fọwọ́ kan ara rẹ̀.

Whot ńkọ́? Òyìnbó kan, William Henry Storey, ló ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1935. Lára èyí tí a mọ̀ láti kékeré, nọ́ńbà àti àwòrán ló wà níbẹ̀. 20 nìkan ni wọ́n kọ Whot sí. Kò sí "General Market" lára 14. Ẹnu wa ni orúkọ náà wà, ẹnu tó sì ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì lè pè é ní Yorùbá.

Báyìí ni a ń pè é nílé wa. 1: "Dúró ná!" Ẹni tó ta á ni yóò tún ta. 2: "Mú méjì!" 5: "Mú mẹ́ta!" 8: "Jókòó jẹ́ẹ́!" Ó fo ẹni tó kàn. 14: "Ọjà yá!" Gbogbo àwọn yòókù á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ta 20 gbọ́dọ̀ fi Yorùbá pe àwòrán tó fẹ́: ìràwọ̀, àgbélébùú, róbótó, onígun mẹ́ta tàbí onígun mẹ́rin. Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì pè é, yóò lọ sọ́jà. Kò sí ọmọ tó fẹ́ lọ sọ́jà, nítorí náà wọ́n tètè mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ aládùúgbò tí kì í ṣe Yorùbá pàápàá ti ń pariwo "Mú méjì!"

A kò ní kí ẹ gba Pokémon lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ẹ tan àtùpà, ẹ pe àwọn ọmọ jọ, ẹ pín káàdì. Èdè Yorùbá kò ní parun mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àṣẹ.