Alẹ́ Ọyẹ́ ní Sabon Gari

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún wa ibi tí í ṣe ilé gan-an. Ṣé ibi tí a ti bí baba ẹni ni, tàbí ibi tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ jẹ, tí ó sì ti ń tọ́ ọmọ? Ìbéèrè yìí wá sí mi lọ́kàn ní oṣù kejìlá ọdún 2022, nígbà tí mo lọ lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Sabon Gari, ní ìlú Kánò. Ìyá Kánò ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n, nítorí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń ta aṣọ níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí kò bá dé Òkè Ọya rí kò tí ì mọ ọyẹ́. Láti inú aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń fẹ́ bọ̀. Eruku inú rẹ̀ kúnná bí èlùbọ́, ó sì ń la ènìyàn ní ètè àti ní gìgísẹ̀. Ìlú Kánò jìnnà sí òkun ju kìlómítà 800 lọ, síbẹ̀ èbúté ni ó jẹ́ láti ayébáyé, nítorí aṣálẹ̀ ni òkun tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí a fi ń pe bèbè aṣálẹ̀ náà, Sahel, etí òkun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ràkúnmí ni ọkọ̀ tí ó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ láyé àtijọ́. Wọn a kó iyọ̀ wá, wọn a sì kó aṣọ aláró àti awọ lọ.

Ní ti púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa, ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé wọn dé. Ní ọdún 1911 ni ojú irin wọ Kánò. Àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Íbò àti ibòmíràn sì tẹ̀ lé e. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ kí wọ́n gbé inú odi ìlú, nítorí náà a ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi. Sabon Gari ni a sọ ọ́, èyí tí í ṣe ìlú tuntun ní èdè Haúsá. Títì kan níbẹ̀ ń jẹ́ Yoruba Road, òmíràn sì ń jẹ́ Ibo Road.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà, Ìyá Kánò ní kí a jáde lọ na ẹsẹ̀. Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn, mo sì fi òrí pa ètè, síbẹ̀ eyín mi ń gbá ara wọn. Àdúgbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo dé ìdajì, nítorí àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá ti kó èrò lọ sí Ẹnúgu, Òwerè, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Ìyá Kánò. Ti àwọn aládùúgbò tí wọ́n rìnrìn àjò ni.

Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ẹ kò ní lọ sílé ni?”

Wọ́n dáhùn pé, “Ọmọ mi, bí gbogbo wa bá lọ, ta ni yóò tan iná ìta?”

Àwọn tí ó ṣẹ́ kù ni wọ́n mú kí ojú títì móoru ní alẹ́ ọjọ́ náà lóòótọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, èdè Yorùbá ni àwọn akọrin fi ń kọ orin Kérésìmesì; nínú èkejì, Íbò ni. Àwọn ọmọdé ń yìn bángà, àwọn ìyá wọn sì ń kígbe mọ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará Kánò ń pè ní A Daidaita Sahu ń kó èrò kọjá nínú eruku. Nígbà tí ó yá, a dúró yá iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ onísúyà kan. Ó fi èdè Haúsá bi Ìyá Kánò pé báwo ni òtútù, wọ́n sì fi Haúsá dá a lóhùn. Bí ó ti gbọ́ pé láti ilẹ̀ Yorùbá ni mo ti wá, ó yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni ilé wà?” Ohùn ará Rẹ́mọ ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu yà mí. Ó gé ẹran, ó bu àlùbọ́sà àti yájì sí i, ó sì fi èènì lé e.

Lójú ọ̀nà ni Ìyá Kánò tó là mí lóye. Ṣágámù ni ọkùnrin náà ti ń ta obì, ní Sàbó, títí di oṣù keje ọdún 1999 tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láàrin Yorùbá àti Haúsá. Ọwọ́ òfo ni ó fi sá wá sí Kánò. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn kan dìde ní Kánò láti gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá. Ẹ̀mí ṣòfò ní ìlú méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìyá arúgbó Haúsá kan fi Ìyá Kánò àti àwọn ọmọ wọn pamọ́ sínú yàrá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Onísúyà mọ ìtàn oníbàárà rẹ̀, oníbàárà sì mọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́. Ìkíni àti èènì ni ó wà láàrin wọn.

Ìṣòro mìíràn sì tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2013, àdó olóró bú ní ibùdókọ̀ Sabon Gari tí èrò ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí gúúsù. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún kan náà, àwọn mìíràn tún bú níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe fàájì ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kú. Ìyá Kánò sọ pé fún ìgbà pípẹ́, bí oòrùn bá ti wọ̀, oníkálukú a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wá rí i pé ìrìn ìrọ̀lẹ́ tí a rìn yìí kì í ṣe ohun kékeré.

Onímọ̀ ìtàn kan, Rasheed Olaniyi, kọ ìwé lórí àwọn Yorùbá ní Kánò láti ọdún 1912 títí dé 1999, ohun tí àkọlé rẹ̀ sì ń wí ni pé àjò kò dà bí ilé. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilé ni ibi tí ènìyàn ti lè rìn lálẹ́ láìbojú wẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá àwọn aládùúgbò tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ẹni tí ó fi àlejò pamọ́, àti ẹni tí ó fi èènì lé ẹran fún ọmọ ìlú tí a ti lé òun kúrò, àwọn ni wọ́n ń sọ àjò di ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wo ọ̀dọ̀ tiwa. Sàbó tí ó wà ní Ìbàdàn, Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀yọ́, orúkọ Sabon Gari náà ni a gé kúrú. Ní ọdún 1916 ni a dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ fún àwọn Haúsá, gẹ́gẹ́ bí a ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún tiwa ní Kánò. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Ohun tí a bá ṣe ní Ṣáṣá, ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú ní Kánò ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà.

Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wà níhìn-ín. Ọmọ Haúsá tí yóò jókòó ní kíláàsì wa, ojú wo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi máa wò ó? Àbókí ni à ń pè wọ́n, a sì máa ń fi ẹ̀gàn sí i. Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí a ti yá a. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa, kí àwa náà sì máa pè é bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọyẹ́ bá ẹnikẹ́ni nínú wa níbi tí kò ti ní ẹni tí yóò kí i.